Ìwé òfin tuntun dé, tábìlì mi fẹ́ túká: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ṣe DM, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, fún àwọn márùn-ún kan ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú. Láti 2021 la ti ń ṣe Dungeons & Dragons ẹ̀dà karùn-ún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ẹ̀gbọ́n mi, ìtàn kan náà la sì ń bá bọ̀. Àǹtí mi tó wà ní Kánádà fi ìwé tuntun ti 2024 ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn, mo gbé e sórí tábìlì, ló bá dìjà. Ẹnì kan ní kò sóhun tó máa mú òun kọ́ òfin tuntun, pé owó wa ni wọ́n fẹ́ gbà. Ẹnì kan ní òun ti kà nípa rẹ̀ lórí fóònù, pé tí a ò bá yí sí i, òun ò wá mọ́. Ẹni tó ní half-orc (ẹ̀yà kan nínú eré náà, àdàlù èèyàn àti abàmì ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní orc) ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn ti ìwé náà padà sí mi. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti jókòó gbẹ̀yìn. Ṣé gbogbo ibi ni wọ́n ti ń jà báyìí, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe? Ìwé wo ni ká lò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre tó o kọ̀wé. Kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú eré yìí, tí ìwé òfin bá ti pààrọ̀, tábìlì á mì. Màá tú u palẹ̀ fún ọ. Àmọ́ ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó gbà mí lọ́kàn ju ariwo àwọn yòókù lọ, ìyẹn ẹni tó ti ìwé padà láìsọ̀rọ̀. Òun ni kó o kọ́kọ́ wá lọ, kó o tó pe ìpàdé kankan. Ẹni tó ń pariwo owó àti ẹni tó ń halẹ̀ ṣì wà lórí ìjókòó wọn. Ti ẹni tó dákẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí tí kò mọ eré ọ̀hún: àwọn èèyàn á yí tábìlì ká, kálukú á dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, DM á máa pa ìtàn, á sì máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe máa já sí, wọ́n á ju dáìsì olójú ogún. Ìwé òfin ló ń túmọ̀ ohun tí dáìsì wí. Ìtàn kan lè gùn tó ọdún mẹ́rin, bíi ti àbúrò mi yìí.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ pé kó o wá ẹni tó dákẹ́ lọ. Ní 2008, èmi ni mò ń ṣe DM nínú yàrá kan nítòsí Ìta-Ẹlẹ́wà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní 3.5 la ń lò, èyí tó jáde ní 2003. Ìwé kan ṣoṣo ló wà láàárín gbogbo wa, nítorí náà kálukú ló fọwọ́ da ohun tó kan ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kọ sínú ìwé 2A. Télọ̀ kan wà láàárín wa tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, bọ̀dá là ń pè é. Ọdẹ ni ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Nínú òfin 3.5, tí ọdẹ bá ti dé ìpele kẹrin, ó lè ní ẹranko kan tí á máa bá a rìn. Bọ̀dá mú ajá, ó sọ ọ́ ní Tẹ̀lémi. Ó tó ọdún méjì tí Tẹ̀lémi fi bá wa rìn. Òun ló gbóòórùn àwọn tó lúgọ dè wá létí odò. Òun ló jókòó ti òkú ọ̀kan nínú wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Pẹ́ńsùlù ni bọ̀dá fi ń kọ iye ẹ̀mí tó kù fún ajá náà. Á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ, títí ojú ibẹ̀ fi lu, tó wá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn.

Lọ́dún yẹn náà ni ẹ̀dà kẹrin jáde. Ọ̀rẹ́ wa kan ti òkè òkun mú un bọ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi kà á, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ó mú iṣẹ́ DM fúyẹ́. Nígbà tó di Sátidé, mo ní kí gbogbo wọn tún ẹ̀dá-ìtàn wọn kọ ní ti tuntun. Bọ̀dá ṣí ibi tí wọ́n kọ ti ọdẹ sí. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ajá mi ńkọ́?"

Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ìwé tí ẹ̀dà kẹrin fi bẹ̀rẹ̀ kò fún ọdẹ ní ẹranko kankan, ìwé àfikún tó jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ló dá a padà. Mo dá a lóhùn pé, "Bọ̀dá, ẹ gbàgbé ajá. Ẹ wò ó, ẹ lè ta ọfà méjì lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, nígbàkígbà tó bá wù yín." Ó wò mí. Ó ká ìwé 2A rẹ̀ bí ẹni ń ká aṣọ oníbàárà, ó ní òun fẹ́ lọ tan jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi padà wá.

Òótọ́ ni mo sọ nípa ọfà méjì. Ọdẹ tuntun yẹn lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bọ̀dá ò bi mí nípa agbára. Ó bi mí nípa ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀, mo sì fi nọ́ńbà dá a lóhùn. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbọ́ pé àwọn kan ń jà lórí ẹ̀dà tuntun, ohun tí mo máa ń wá ni ajá tó sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Wàyí o, ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé D&D jáde ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ihò pọ̀ nínú òfin wọn. Kálukú ló ń fi tirẹ̀ dí ihò. Rántí bí a ṣe ń ta Whot: ní àdúgbò kan, tí wọ́n bá ju méjì lé ọ lórí, o lè fi méjì dí i. Sọdá sí àdúgbò kejì kó o dán an wò, wọ́n á ní o fẹ́ rẹ́ wọn jẹ, kó o yáa mú káàdì. Bẹ́ẹ̀ ni D&D rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Òfin tábìlì yìí kì í ṣe òfin tábìlì yẹn, èyí tó bá sì ti ọwọ́ ẹni jáde máa ń wọni lára ju ti inú ìwé lọ.

Gbọ́ ti half-orc, torí ó kan tábìlì rẹ gan-an. Ìwé òṣèré, ìyẹn ìwé òfin tí àwọn tó ń ta eré náà ń lò, tó jáde ní 1978 fàyè gba half-orc. Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé ní 1989, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ iṣẹ́ apànìyàn náà, wọ́n sì pààrọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀mí àìmọ́ inú ìwé, nítorí pé àwọn òbí àti àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Amẹ́ríkà ti pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé eré náà ń mú ọmọ wọn wọ inú òkùnkùn. (Irú ẹ̀sùn yẹn kò ṣàjèjì níbí. Mo mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ dáná sun gbogbo pépà rẹ̀, ó sì dùn mí dọ́kàn nígbà tí mo gbọ́.) Ẹ̀dà kẹta dá half-orc padà ní 2000. Ẹ̀dà kẹrin ò fi í sínú ìwé àkọ́kọ́ ní 2008, inú ìwé òṣèré kejì ló ti wọlé ní 2009. Ẹ̀dà karùn-ún gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní 2014. Àtúnṣe rẹ̀ ti 2024 tún yọ ọ́, ó fi orc gan-an sáàárín àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìwé. Ẹni tó bá ti ń fi half-orc ṣeré láti ìgbà pípẹ́, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìwọ wá ro ohun tí ọmọ tábìlì rẹ rí nígbà tó ṣí ìwé tí o gbé fún un pẹ̀lú ayọ̀.

Ti ọdún 2000, ìyípadà yẹn tóbi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló tètè gbà á. Nínú ẹ̀dà kejì, 10 ni nọ́ńbà ààbò ẹni tí kò wọ ìhámọ́ra kankan. Bí ìhámọ́ra ṣe ń dára sí i ni nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀, títí á fi kọjá òdo, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní THAC0 lo sì máa fi mọ̀ bóyá o bá ọ̀tá. Ẹ̀dà kẹta ní kí nọ́ńbà máa lọ sókè, kó o ju dáìsì, kó o ṣírò àfikún rẹ mọ́ ọn, ó parí. Àwọn àgbà kan bínú pé ohun tí àwọn fi orí ṣe fún ọdún mẹ́wàá ti di ohun tí ọmọ kékeré lè ṣe. Mo gbà pé ó dùn wọ́n. Ìmọ̀ tí èèyàn fi làágùn kọ́, tó wá di aláìwúlò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọgbẹ́ ni.

Àmọ́ 2008 ni ilé pín. Ẹ̀dà kẹrin to agbára gbogbo iṣẹ́ sí ọ̀nà kan náà: ti gbogbo ìgbà, ti ẹ̀ẹ̀kan nínú ìjà, ti ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Oṣó àti jagunjagun wá jọra lórí pépà. Ìjà sì fẹ́ kí o ya ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn kan ní eré tí àwọn mọ̀ kọ́ nìyí. Ilé-iṣẹ́ Paizo, tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn D&D títí di 2007, mú òfin 3.5, tí àṣẹ ìlò ọdún 2000 gbà wọ́n láyè láti lò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì pè é ní Pathfinder ní 2009. Ẹni tí kò fẹ́ tuntun rí ilé tó lè kó lọ, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ gbogbo. Wizards of the Coast, tó ni D&D, rí i. Nígbà tí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà karùn-ún, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2012, wọ́n sì gbé òfin àbá síta fún ọdún bíi méjì kí gbogbo ayé dán an wò kó tó jáde ní 2014.

Tún wo Call of Cthulhu, tó ti wà láti 1981. Ẹ̀dà keje rẹ̀ dé ní 2014, síbẹ̀ bí o bá mú ìtàn tí wọ́n kọ lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ohun tó pọ̀ jù tí o máa ṣe ni kó o sọ àwọn nọ́ńbà pàtàkì ẹ̀dá-ìtàn di ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó ní ìwé àtijọ́ ò ju nǹkan kan nù. Ìdí nìyẹn tí ariwo tiwọn kì í fi í pọ̀ tó tiwa. Bí ohun tí èèyàn máa fi sílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni inú á ṣe bí i tó.

Ní ti ọ̀rọ̀ owó, má ṣe fi ẹni tó sọ ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. $49.99 ni wọ́n kọ sí ìwé òṣèré ti 2024. Nígbà tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, dọ́là kan ti ju ₦1,500 lọ, ìyẹn ni pé ìwé kan ṣoṣo, láìka owó tí wọ́n fi gbé e débí, ju ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ. Mẹ́ta sì ni ìwé pàtàkì náà. Yàtọ̀ síyẹn, ní oṣù Kìíní 2023, àwọn èèyàn gbọ́ pé Wizards fẹ́ wọ́gi lé àṣẹ ìlò ọdún 2000 yẹn. Ọ̀pọ̀ fagi lé owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù náà tó parí, ilé-iṣẹ́ náà yí padà, ó sì fi kókó òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ Creative Commons, àṣẹ tó gba gbogbo èèyàn láyè láti lò ó, níbi tí wọn ò ti lè gbà á padà mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fura sí ìwé 2024 lè máà tíì ka ojú ewé kan níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan ṣáájú ló ń bínú sí. Sọ fún un pé kò ní ra nǹkan kan. Láti 2025 ni kókó òfin tuntun náà ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ rẹ̀ ni SRD 5.2. Dátà tó máa gbé e wálẹ̀ ò pọ̀, ìwọ sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì.

O wá béèrè pé ìwé wo ni kẹ́ ẹ lò. Ohun kan ló kọ́ mi ní èsì èyí, kì í ṣe ìwé eré rárá. Ọdún 1974 tí D&D jáde náà ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tí à ń lò lónìí. Kó tó dìgbà náà, "aiye" ni wọ́n ń kọ, "enia" ni wọ́n ń kọ. Jáde sí ọ̀nà Ṣágámù lónìí kó o wo àwọn pátákó, wàá rí "Shagamu", wàá rí "Sagamu", lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ìwé orin ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, "aiye" ló kún inú rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ gbà kí n ra òmíràn. Àmọ́ tí wọ́n bá ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, "ayé" ni wọ́n ń kọ. Mo bi wọ́n nígbà kan pé èwo ni wọ́n fara mọ́. Wọ́n ní orin yẹn, bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Lẹ́tà, ìsinsìnyí làwọn ń kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe. Ìtàn tí ẹ ti ń bá bọ̀ láti 2021, ẹ fi òfin 2014 parí rẹ̀. Má yí i padà láàárín ọ̀nà. Ìtàn tó bá tẹ̀ lé e, ẹ lè fi tuntun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ti 2024 fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí ìwé náà rọrùn láti wá nǹkan nínú rẹ̀, àwọn jagunjagun sì ti rí oríṣiríṣi nǹkan ṣe pẹ̀lú ohun ìjà wọn. Fún tábìlì tìrẹ lónìí, mi ò ní mú un.

Ẹni tó ní òun ò wá mọ́ tí ẹ ò bá yí, fún un níṣẹ́. Kó ṣe DM lálẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀dá-ìtàn tuntun ìpele kìíní tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹ́ràn, ìtàn tó máa bẹ̀rẹ̀ tí á sì parí lálẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo yín á ti fọwọ́ kan òfin náà. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe paladin, ìyẹn jagunjagun tó jẹ́jẹ̀ẹ́ mímọ́, kí ó sọ fún un ṣáájú pé Divine Smite, agbára tó fi ń mú kí ìdà rẹ̀ dunni sí i, ti di ọfọ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè lò ó nígbà tó bá kàn án. Ọ̀pọ̀ ìjà ni mo ti rí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí ohun kan bá wù yín nínú tuntun, ẹ mú un wọ ìtàn yín àtijọ́. Cure Wounds tuntun, ọfọ̀ tí wọ́n fi ń wo ọgbẹ́, ń dá ẹ̀mí padà ní dáìsì méjì dípò ẹyọ kan. Àárẹ̀ ti di ìyọkúrò méjì lórí dáìsì fún ìpele kọ̀ọ̀kan, dípò àtẹ gígùn tí kò sẹ́ni tó ń rántí. Méjèèjì ò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ó wá ku ẹni tó ní half-orc. Kó o mọ èyí kó o tó lọ bá a: ìwé 2024 fúnra rẹ̀ gbà kí èèyàn mú ẹ̀yà wá láti inú ìwé àtijọ́. Ohun kan ṣoṣo tó yí ni pé àfikún nọ́ńbà ò sí lára ẹ̀yà mọ́, iṣẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn ṣe kó tó jáde nílé ló ń fúnni. Tí half-orc rẹ̀ bá ti ṣe àgbẹ̀ rí, tàbí ológun, ó lè fi méjì sórí okun àti ẹyọ kan sórí ìfaradà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní 2014 gan-an. Agbára tí half-orc fi ń bọ́ lọ́wọ́ ikú lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀mí kan á ṣẹ́ kù fún un, òun náà ń bá a lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá yí, kò sẹ́ni tó máa lé e.

Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Lọ sílé rẹ̀, kó o ní kó mú pépà ẹ̀dá-ìtàn náà jáde, kó sọ fún ọ ibi tí half-orc ọ̀hún dé dúró ní Sátidé tí ẹ jókòó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo lọ bá bọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé àfikún yẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Mo kàn ya pépà kan, mo kọ Tẹ̀lémi sókè rẹ̀, mo kọ dáìsì tó máa fi buni jẹ, mo sì kọ ẹ̀mí mẹ́tàlá. Mo gbé e lé orí máṣíìnì níwájú wọn. Bọ̀dá kà á pẹ́. Wọ́n ní mẹ́tàlá kọ́, pé mọ́kànlá ló kù fún un lẹ́yìn ìjà ojú afárá, pé ó yẹ kí n rántí. Wọ́n wá pẹ́ńsùlù lábẹ́ àwọn aṣọ, wọ́n pa mẹ́tàlá rẹ́, wọ́n kọ mọ́kànlá, wọ́n bi mí pé aago mélòó ni Sátidé.